Ohùn Ìyá Tí Kọ̀ǹpútà Wa Kọ̀ Láti Gbé Jáde

Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀rí ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Bí kọ̀ǹpútà bá wá yadi mọ́ ni lọ́wọ́ níbi ìwádìí ńkọ́? Ohun tí ojú wa rí ní Sèmè-Kpodji la fẹ́ sọ fún yín.

Àwa mẹ́ta la lọ. Ìlú yìí wà láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ẹnubodè Nàìjíríà wà ní ìlà-oòrùn. Ìyá àgbà kan gbà wá lálejò, wọ́n sì sọ fún wa bí olóògbé ọkọ wọn ṣe máa ń dá ẹmu. Máíkì kan tí a fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká wa la fi gba ohùn wọn sílẹ̀. Ubuntu ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bá àpò akẹ́kọ̀ọ́ mu.

Nígbà tí a parí, a ní kí Ìyá gbọ́ ohùn ara wọn, kí wọ́n lè bá wa yẹ àkọsílẹ̀ wa wò. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ìlà ohùn ń rìn lójú Audacity, ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n etí ò gbọ́ nǹkan kan.

A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn, kò yí padà. A ṣí terminal, a tẹ alsamixer, a fi F6 yan káàdì ohùn. Níbẹ̀, bí ẹ bá rí MM lábẹ́ Master tàbí Speaker, a jẹ́ pé wọ́n ti dí i lẹ́nu. Ẹ tẹ M kí ó di 00. Tiwa kò ní MM kankan. A tẹ speaker-test -c 2, kò dún. Ilẹ̀ sì ń ṣú lọ.

Ni ọ̀kan nínú wa bá ní kí a pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí a tún gbé Ubuntu mìíràn sí i. Ó ti mú fíláàṣì jáde nígbà tí ẹnìkejì dì í lọ́wọ́ mú: "Ohùn Ìyá ńkọ́? Ṣé a ti dà á kọ síbòmíràn?" A ò tíì dà á kọ. Àyà wa já.

Kíá, a fi wáyà dà á kọ sórí fóònù, a sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ohùn Ìyá jáde ketekete. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé èmi rèé?" Ìgbà yẹn la mọ̀ pé ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò ní àléébù, inú kọ̀ǹpútà ni ìṣòro wà.

A wá ka ohun tí a kọ sílẹ̀ fún wọn: "Ó mú igbá rẹ̀, ó lọ sídìí ọ̀pẹ." Ìyá mi orí. "Rárá o. Igbà ni mo pè. Ṣé igbá ni wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ ní tiyín?" Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹmu ni wọ́n ń sọ, ọkàn wa ti lọ sí igbá ẹmu, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí a fi Praat wò ó, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, ìlà búlúù náà wálẹ̀ lórí "gbà" lóòótọ́. Ká ní Ìyá ò gbọ́ ọ ni, "igbá" la ò bá tẹ̀ jáde.

Kí ló wá ṣe kọ̀ǹpútà? ALSA ló ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀ nínú Linux. PulseAudio, tàbí PipeWire tó rọ́pò rẹ̀ nínú Ubuntu láti ọdún 2022, ló ń pinnu ibi tí ohùn yóò gbà jáde. Máíkì wa ní ihò tí a lè ki gbohùngbohùn etí bọ̀. Bí a ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ni Ubuntu ti sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà ohùn, ibẹ̀ ni gbogbo ohùn sì ń gbà lọ láìsí etí tó ń gbọ́ ọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. A lọ sí Settings, a ṣí Sound, a yan Speakers lábẹ́ Output, ó sì dún. Lórí terminal, pactl list short sinks yóò to àwọn ẹnu ọ̀nà náà. Àṣẹ pactl set-default-sink pẹ̀lú orúkọ èyí tí ẹ fẹ́ yóò yàn án.

Nítorí náà, bí ohùn kò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ síbòmíràn. Ẹ gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wo ibi tí ohùn ń gbà lọ, kí ẹ tó wo bóyá wọ́n dí i lẹ́nu. Pípa nǹkan rẹ́ ni kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé lọ́nà mìíràn, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ fún ìtẹ̀jáde wa tó ń bọ̀.