Abẹ́ Igi Ni Kíláàsì Wa

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn. Tíṣà á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó etí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó yìí gan-an ni iṣẹ́ mi dá lé.

Wọn kì í jókòó lásán nílé. Wọ́n ń bá ìyá wọn ṣa èso emi, èyí tí a fi ń ṣe òrí. Wọ́n ń lé ẹyẹ lórí ọkà bàbà, wọ́n sì mọ èso tó ṣeé jẹ àti èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kò sẹ́ni tó pè é ní ilé-ìwé.

Ìsẹ́yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni kan. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1977 ti ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, àmọ́ ọwọ́ aládàáni ni ìjọba fi irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni òbí ń sanwó fún. Yàrá wa há. Ọmọ ọdún mẹ́ta á máa kọ A títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Ẹni tó ni ilé-ìwé kò sì fẹ́ rí iyanrìn lára yunifọ́ọ̀mù.

Àwọn ahunṣọ wà ní òdìkejì títì. Òwú wọn a máa nà gbọọrọ síwájú òfì, òkúta ni wọ́n fi ń tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ. Mo kó àwọn ọmọ lọ láàárọ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí òkúta wà. Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n pariwo pé, "Àǹtí, òkúta ti rìn!" Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn wọn ọ̀nà tó rìn, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́fà lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, tó jẹ́ mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn?

Mo ti kà nípa irú rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ ní 1837, a máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ kékeré tí yóò máa gbin nǹkan sí. Nítòsí wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ọdún 2004 ló mú àwọn ọmọ kéékèèké wọ ilé-ìwé ìjọba. Mo ti dé Ṣakí nígbà náà. Ohun ìṣeré kò tó nǹkan, igi ló wà. Kí ọmọ tó jáde, a ti gbálẹ̀, a ti yí òkúta wò nítorí àkekèé àti ejò. Lásìkò ọyẹ́, a ó dúró kí oòrùn kọ́kọ́ mú. Tí òjò bá dé tí emi ń já, wọ́n á jẹ ẹran èso náà, wọ́n á fọ kóró rẹ̀, wọ́n á tò ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kóró emi ń dán, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun. Kò sí ọdún tí ọmọ kan kì í béèrè ìdí rẹ̀. Bí a bá ń ṣeré kí ní ń lẹ́jẹ̀, tí mo bá dárúkọ ikán, àwọn kan á dáhùn, àwọn kan á dákẹ́. Ìdí ògán la ti máa ń lọ parí rẹ̀.

Ìyá ọmọ kan bá mi lábẹ́ igi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, iyanrìn pọ̀ nílé wa o. Ìwé la ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ." Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó díẹ̀." Ọmọ rẹ̀ to kóró mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta, ó ní ó ku mẹ́rin. Ìyá náà kò tún bá mi sọ̀rọ̀ iyanrìn mọ́.

Èédú ló ń dẹ́rù bà mí báyìí. Jákèjádò Òkè-Ògùn, agbègbè wa níbí, ni wọ́n ti ń gé emi sun. Igi yìí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so, nítorí náà ẹni tó bá gbin ọ̀kan lónìí, àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa bí ni yóò ṣa èso rẹ̀. Tí ìjọba bá ń kọ́ kíláàsì tuntun fún wa, inú wa á dùn, àmọ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀ kúrò nídìí igi kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.