Orúkọ Ìlú Tó Wà Lápá Ọmọ Wa

Kí n tó sọ ohunkóhun, èmi àti baálé mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ fún àdúrótì yín nígbà ìgbéyàwó àkọ́bí wa obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ fi owó ránṣẹ́, ayọ̀ ni a ó máa fi san án padà fún yín. Akọ̀wé wa ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ yín rí apá ìyàwó lọ́jọ́ náà, ẹ sì ń bèèrè pé ta ló ṣe é.

Apá ìyá ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá mọ̀ pé fínfín wà ní apá òsì wọn, láti ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Orúkọ wọn ló ṣáájú, orúkọ ìlú ló tẹ̀ lé e. Ní 1958, nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé ọkọ wọn wá sí òkè Ọya, bàbá wọn ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ onífínfín. Bàbá náà ní ẹni tó bá ń lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, bí nǹkan bá ṣe é lọ́nà, ó yẹ kí àwọn tó bá rí i mọ ibi tí wọn yóò gbé e padà sí. Rélùwéè gbé wọn dé Gusau, ọkọ̀ akẹ́rù sì gbé wọn láti ibẹ̀ dé Sókótó. Wọn kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níhìn-ín tí ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn kọ lẹ́tà nínú ọjà fi ka apá Màmá, tó sì bú sẹ́rìn-ín. OGBOMSO ni onífínfín kọ. Ó fo lẹ́tà kan. Onífínfín kò mọ̀wé, Màmá kò mọ̀wé, bàbá wọn náà kò mọ̀wé. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àṣìṣe náà ti wà lápá wọn.

Kò sì lè parẹ́. Abẹ́rẹ́ tàbí abẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń gún awọ, wọn a wá fi èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná ra á. Awọ òkè ara wa a máa bó kúrò díẹ̀díẹ̀, òmíràn a sì máa rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n èédú náà ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ó jókòó sí.

Ọmọ wa yìí, tí a bí sí Sókótó, tí ó ń lá àlá ní èdè Hausa, ní òun náà fẹ́ fín tòun kí òun tó lọ sílé ọkọ. Inú bàbá rẹ̀ dùn. Ó rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọ fẹ́ kọ, kí lẹ́tà rẹ̀ sì pé lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ ní rárá o, SOKOTO ni òun fẹ́. Ó ní, "Ibi tí Màmá ti ń bọ̀ ni wọ́n kọ sí wọn lápá. Èmi náà ńkọ́, bàbá mi, ibo ni mo ti ń bọ̀?"

Baálé mi kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ọmọ padà sílé baba rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú onílùú lára. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ilé tí kò sí nínú wa. Àwa ń kọ́ ilé sílé, a ń san owó Ẹgbẹ́, a sì ń wí lọ́dọọdún pé ọdún tó ń bọ̀ la ó lọ. Àwọn ọmọ ń wò wá.

Mo ní kí a kọ́kọ́ wá ẹni tó lè ṣe é ná. Ní tòótọ́, mo rò pé bí a kò bá rí i, ìjà yóò parí fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé fẹ́ràn láti máa pa á lówe fún wa pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa tí a ń gbé Sókótó gan-an ńkọ́, ibo ni kí á wá tiwa lọ?

Nítòsí ọjà ńlá, èyí tí iná jó ní January 2021, a rí onígbàjámọ̀ àgbàlagbà kan lábẹ́ igi dongoyaro. Wanzami ni àwọn Hausa ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń fá irun ọmọ tuntun lọ́jọ́ keje, wọ́n ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń kọ ilà abẹ́ fún ọmọkùnrin, wọ́n sì ń kọ ilà ojú pẹ̀lú. Bàbá náà tú àpò rẹ̀, awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá láyé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Morocco. Mo bèèrè bóyá abẹ tuntun wà, nítorí abẹ tó bá ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn lè gbé HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B lọ bá a. Kò bínú. Ó fa abẹ tuntun yọ, bébà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ fi ohun tó kọ sínú ìwé hàn án, ó dá a padà. Ó ní ilà tó gún ni òun mọ̀ ọ́n kọ. Èyí tó ń yí bírí bíi ti S àti O, òun kò ní fi ara ọmọ ọlọ́mọ kọ́ṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá wí fún wa pé òun lè ṣe é, kí a kọ́kọ́ wo apá ẹni tó ti ṣe fún. Mo fẹ́ràn bàbá yìí púpọ̀. Ká ní Màmá rí irú rẹ̀ ní 1958!

Ọmọ tún bi obìnrin Fúlàní kan tó ń ta nọ́nọ̀, tí àmì dúdú kéékèèké wà ní igun ẹnu rẹ̀. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ṣe é fún òun nínú oko, ẹni tó ṣe é sì ti kú. Àlùfáà àdúgbò wa ní tiẹ̀ rán wa létí pé hàdíìsì kọ̀ fún ẹni tó ń fín ara àti ẹni tí wọ́n ń fín. Ẹ̀yin Onígbàgbọ́ náà, ẹ wo Léfítíkù 19:28. Àbúrò ìyàwó, ọmọ ọdún 14, ní kí wọ́n ṣe tòun mọ́ ọn. Mo fi òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 hàn án, èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ọmọdé tàbí kọ ilà sí i lára, ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ló wà fún un.

Làálì ló kù. Ẹ̀yìn ààfin Sultan ni a gbà lọ, nínú ìlú àtijọ́ tí Muhammadu Bello tẹ̀ dó ní 1809, níbi tí ọ̀nà ti há láàárín ògiri méjì. Ọkùnrin kì í wọ inú ilé àwọn ẹlẹ́hàá, nítorí náà baálé mi, tí wọ́n ní àwọn kò ní bá wa lọ tí wọ́n sì bá wa lọ, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá arúgbó náà jẹ́ kí a wo inú igbá rẹ̀ kí a tó bèèrè. Ewé làálì tí ó gbẹ, tí wọ́n gún tí wọ́n sì jọ̀, omi, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́; ó ti pò ó sílẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn ọmọge tó wà níbẹ̀ ń lẹ sẹ́lótéèpù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ ọnà lè yọ nígbà tí wọ́n bá ká a kúrò. Ọmọ ní dúdú ni òun fẹ́. Ìyá kọ̀. Làálì tòótọ́ kì í dúdú: bí ọsàn ló máa ń rí lákọ̀ọ́kọ́, yóò wá pọ́n dòdò lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Àwọn tó ń ṣe dúdú a máa po oògùn tí wọ́n fi ń pa irun láró mọ́ ọn. Èròjà tí wọ́n ń pè ní PPD wà nínú rẹ̀, a máa jó awọ títí yóò fi lé roro, ara ẹlòmíràn kò sì ní gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ìyá fa ọwọ́ ọmọdébìnrin kan jáde fún wa láti rí. Àpá náà ṣì ń dán.

Lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ni Ìyá mọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé gíga ló kọ SOKOTO sínú bébà, Ìyá sì mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wò ó kọ ọ́ sí apá òsì ọmọ wa. Gbogbo ilé dákẹ́. A kàn gbọ́ ohùn baálé mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀:

"Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ o! Mẹ́fà ni!"

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá gbé apá wọn lé ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó, wọ́n ní kí a ka méjèèjì fún àwọn. Àwọn àgbà ní oge oníbùjé kì í ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, ti onílàálì kì í sì í ju ogúnjọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún ni tiẹ̀ parẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé ìyá náà, kí ó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.

Lánàá, bàbá rẹ̀ pe fóònù ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọdé kan ló gbé e, ó ní ta ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n dárúkọ ọmọ wa, ọmọdé náà kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Baálé mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wò mí lójú, wọ́n wá ní, "Bá mi pe Ìyàwó Sókótó."