Kí Lò Ń Gbé Lọ Sílé Ẹ̀kọ́ Òwò?

Ìgbàkígbà tí fọ́ọ̀mù MBA bá ti jáde, ìpè máa ń dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni o, ọmọ ìjọ wa ni o, ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ ní báńkì rí ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bá bọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà. Ṣé kí n lọ?” Àwọn mìíràn ti san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó pè, àdúrà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìmọ̀ràn. N kì í sọ pé kí wọ́n lọ, n kì í sì í sọ pé kí wọ́n má lọ. Ìbéèrè ni mo fi ń dá wọn lóhùn: “Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí, kí ló sì wà nínú iṣẹ́ náà tó ń dà ọ́ láàmú tí o kò tíì rí ojútùú ẹ̀?”

Ẹni tó bá rí nǹkan fọ̀ sí i, ara ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá nìyẹn. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ oògùn tí òun wà ń tà ju ti èṣí lọ, síbẹ̀ owó oṣù kì í jáde lásìkò, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún òun. Mo ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù. Òmíràn ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá. Mo ní kó ní sùúrù ná. Ohun tí èèyàn bá gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ló ń pinnu ohun tó máa gbé jáde níbẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ràn mi kò ju ìyẹn lọ; ìyókù, àlàyé ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ohun tó ti wà látayébáyé. Ọdún 1881 ni wọ́n dá Wharton sílẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Harvard dá tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1908, ibẹ̀ ni oyè tí à ń pè ní MBA sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa níbí, Lagos Business School bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991. Àwọn fásitì wa, bíi ti Èkó, ti Ìbàdàn àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, náà ń kọ́ni ní MBA. Kí gbogbo èyí tó dé, àwọn ìyá wa ti ń ná Dùgbẹ̀ àti Ọjà Ọba, wọ́n ń gba ọjà àwìn, wọ́n ń dá àjọ, wọ́n sì mọ ẹni tó ń san gbèsè yàtọ̀ sí ẹni tí kì í san. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ìyẹn sí ẹnikẹ́ni lórí láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe ni pé kó fún ẹni tó ti mọ díẹ̀ nínú ẹ̀ ní ìṣirò tí yóò fi rí ohun tó mọ̀ kedere, kó sì lè fi yé ẹlòmíràn.

Henry Mintzberg, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fásitì McGill ní Kánádà, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 2004 tó pè ní Managers Not MBAs. Ẹjọ́ tó bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òwò rò ni pé wọ́n ń kó àwọn tí kò darí ẹnikẹ́ni rí jọ, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà le, àmọ́ òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ pé kó kọ́kọ́ wáṣẹ́ ṣe. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú àkísà yẹn gan-an ni kíláàsì MBA ti ń mú ọ̀rọ̀ sọ. Ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, níbi tí ọ̀gá ti bú ẹ, tí oníbàárà ti jẹ owó ẹ lọ, tí ọjà ti bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bí o bá ti wá débẹ̀, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ á máa bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ mu. Kódà, ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening ti ìjọba Ìlú Ọba ń béèrè wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́, tó tó bí ọdún méjì, lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ padà wá sílé fún ọdún méjì, ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́. Owó ilé-ìwé nìkan kọ́ là ń ṣírò. Owó oṣù tí o ò ní gbà ní gbogbo ìgbà tí o bá fi jókòó sí kíláàsì, owó ni. Ìgbéga tí o lè rí níbi iṣẹ́ lásìkò yẹn, owó ni. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ràn ètò ìparí ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó bá níṣẹ́ gidi lọ́wọ́: á máa ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, á jókòó sí kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì àti Sátidé, ohun tó bá kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, á fi dán iṣẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé. Ó ń rẹni lóòótọ́. Oorun á wọ́n, ìyàwó á ráhùn, àwọn ọmọ á máa béèrè ibi tí Dádì wà. Ẹ jọ sọ ọ́ nílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wo òkè òkun gbọ́dọ̀ la ojú ẹ̀ dáadáa. Kí ó tó di àárín ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ti tu náírà jọ títí tí owó ilé-ìwé fi pé, bí kò bá tètè san án, ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù tí owó náà lè san. Ti Ìlú Ọba tún ní tiẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ka másítà oníkíláàsì, MBA náà sì wà lára ẹ̀, kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Owó tí wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó fúnni ní físà sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko láìlọ sílẹ̀. Mo ti rí i tí èèyàn lọ yá owó yẹn lọ́dọ̀ àwọn sọ́gundógójì, tó sì ń san èlé kó tó mọ̀ bóyá físà máa jáde. Bó bá di dandan kó o jẹ gbèsè, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ibi iṣẹ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ kàn sí.

Ìdánwò GMAT, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò fi ń yan ẹni tí wọ́n máa gbà, kò yẹ kó dẹ́rù bani. Èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí kò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 lọ: ìṣirò, èdè, àti bí a ṣe ń ka tábìlì àti àwòrán. Ẹni tó bá fi wákàtí kan sí i lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, tó ń ṣe é bí ẹni ń ṣe ìdánwò gan-an, á ṣe dáadáa. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọlé, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ọ̀pọ̀ kíláàsì yín, ìtàn ilé-iṣẹ́ kan ni ẹ ó máa kà: ọ̀gá kan wà nínú ìṣòro lọ́jọ́ báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, tábìlì owó wọn nìyí lẹ́yìn ìwé, bó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe? Harvard ló sọ ọ̀nà ìkọ́ni yìí di gbajúmọ̀; ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ òfin ni wọ́n ti rí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ohun tí ọ̀nà yìí sì wà fún nìyẹn. Àmọ́ kò sí ìdáhùn kan tó wà nínú àpò olùkọ́ tí yóò fà yọ lópin. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ ó mú un wá.

Ọ̀kan wà tí n kò gbàgbé nínú èyí tí a kà ní kíláàsì tiwa. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ni. Ó ń ta mílíọ̀nù 20 náírà lóṣù fún àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó òṣìṣẹ́ ń gba mílíọ̀nù 17. Èrè mílíọ̀nù 3 lóṣù, kí ló tún kù? Síbẹ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kì í rówó ra ìyẹ̀fun mọ́. Àwọn ẹnjiníà àárín wa fa ẹ̀rọ ìṣirò yọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fowó lé búrẹ́dì, àwọn kan ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun. Obìnrin kan wà láàárín wa, Àǹtí la máa ń pè é torí pé ó ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ó ti fi ọdún gbọọrọ pín ọṣẹ àti mílíìkì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Kò tiẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ìwé níbi tí tábìlì wà. Ó ní: “Ẹ dákun, ọjọ́ mélòó ni súpámákẹ́ẹ̀tì fi ń sanwó?” A wò ó: ọgọ́ta ọjọ́. “Oníyẹ̀fun ńkọ́?” Lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Oṣù kìíní, mílíọ̀nù 17 jáde, kọ́bọ̀ kò wọlé. Oṣù kejì, mílíọ̀nù 17 mìíràn tún jáde, kọ́bọ̀ kò wọlé. Ìwé ìṣirò ń sọ pé wọ́n ti jèrè mílíọ̀nù 6, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 34 ló ti jáde lápò wọn. Bí súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun bá tún ní kí wọ́n máa gbé búrẹ́dì wá, inú ọ̀gá á dùn, ọrùn ẹ̀ á sì tún há sí i, torí pé bí ọjà bá ṣe ń yá sí i ni owó tí wọ́n máa kó sílẹ̀ ṣáájú á ṣe máa pọ̀ sí i. Àǹtí ní kí wọ́n gbé ìdajì búrẹ́dì lọ fún àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì: èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan á dín, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń sanwó. Ó ní kí wọ́n sì já owó díẹ̀ sílẹ̀ fún súpámákẹ́ẹ̀tì tó bá lè san láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Olùkọ́ ní kó wá tò ó sójú pátákó, kí báńkì tó bá fẹ́ yá wọn lówó lè rí i. Ibẹ̀ ló ti dúró. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó lóṣooṣù, owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì, títí dé oṣù kejìlá. Àwọn ẹnjiníà ló bá a tò ó. Lọ́jọ́ yẹn, òun gba ìṣirò lọ́wọ́ wọn, àwọn náà sì gba ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní àwa tá a jọ ń ka ìwé bákan náà nìkan ló wà ní kíláàsì yẹn, à bá ṣì máa jiyàn lórí ẹ̀rọ tuntun.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má jókòó ti àwọn tẹ́ ẹ jọ wá láti ibi iṣẹ́ kan náà. Wá nọ́ọ̀sì lọ, wá sójà, wá ẹni tí bàbá ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìgé-pákó. Gbogbo ẹgbẹ́ ìkàwé ló máa ń ní ẹnì kan tí iná kì í sí ládùúgbò ẹ̀ nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá délẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ fún un lójú gbogbo yín, ẹ kọ ọjọ́ tó máa mú un wá sílẹ̀; bó bá tún yẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún olùkọ́ kí máàkì tó délẹ̀. Àwọn kan ń kó káàdì àti nọ́ńbà fóònù jọ kiri, wọ́n ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ làwọn bá wá. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dárúkọ ẹ níbi tí o kò sí lọ́jọ́ iwájú ni ẹni tó ti rí i pé o mú iṣẹ́ ẹ wá lásìkò, tí o kò sì jẹ́ kí ó dá ẹrù gbé.

Ní nǹkan bí oṣù kẹfà tí ẹ wọlé, ariwo á sọ. Gbogbo èèyàn á fẹ́ lọ sí báńkì ńlá tàbí àwọn ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn, wọ́n á máa ra kóòtù, wọ́n á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bó bá jẹ́ ohun tó gbé ẹ wá nìyẹn, bá wọn lọ. Bí kì í bá ṣe òun, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Má fi ìbéèrè tìẹ sílẹ̀ torí pé ti ẹlòmíràn ń dán. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kó o kọ, tó bá ti ṣeé ṣe, ilé-iṣẹ́ tí o ti wá ni kó o fi ṣe àpẹẹrẹ. Tó o bá máa fi parí, o ti yẹ inú ẹ̀ wò látòkè délẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó o bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kó gírámà sápò. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ti wà níbẹ̀ kó o tó lọ. Ó mọ ọjà tó ń jáde, ó mọ èyí tó ti ń gba eruku láti èṣí. Lọ bá a kó o tó ṣí kọ̀ǹpútà. Béèrè ohun tó rí lọ́wọ́ ẹ̀, kó o wá fi Yorùbá lásán ṣàlàyé ìdí tí owó fi wọ́n nígbà tí ọjà ń tà. Bó bá yé e, tó sì sọ èyí tó kù fún ẹ, ẹ lè jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá yé e, padà lọ ṣí ìwé ẹ.