Ilẹ̀ Náà Ń Mí

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun níwájú òrìṣà, omi tútù la kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀. Àwọn ọmọ òrìṣà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ilẹ̀ fi ń ṣáájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ìlú Oracle, tí kò jìnnà sí Tucson, ni wọ́n kọ́ ilé kan sí tó ń jẹ́ Biosphere 2. Yorùbá tí mo fi ìwé kọ́ ara mi kò fún mi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún biosphere, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ẹ̀mí lè gbé láyé ni: ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́. Ayé tí Olódùmarè dá ni àkọ́kọ́, ni wọ́n ṣe pe tiwọn ní èkejì. Wọ́n fi gíláàsì bo hẹ́kítà 1.27, wọ́n sì dá igbó, òkun kékeré, irà, ọ̀dàn, aṣálẹ̀ àti oko sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, ènìyàn mẹ́jọ wọlé láti gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì.

Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, ọ́síjìn inú ilé náà ti já wálẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 sí nǹkan bí ìdá 14. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìta ni wọ́n ti gbé ọ́síjìn wọlé fún wọn.

Ta ló mu ún? Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni wọ́n kó síbẹ̀, àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Ewéko ì bá fi èémí wọn dá ọ́síjìn padà, àmọ́ símẹ́ńtì ilé náà ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ mu.

Láti ìsàlẹ̀ òkun tó jìn jù lọ dé orí òkè Everest, kìlómítà 20 péré ni. Láti ẹsẹ̀ wa dé àárín ayé lé ní 6,300. Èèpo ọsàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ! Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa ṣì ń gbé ẹbọ lọ sódò tòun ti ọ̀rá àti ìgò.

Nílé tiwa, mo ti fòfin dè é. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti háríhá àgbàdo la fi ń di ẹbọ. Ó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò. A ó da oyin sódò, a ó mú ìgò rẹ̀ bọ̀ wálé. Ọmọ òrìṣà kan bínú, ó ní ilé tí òun ti wá kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní nígbà àwọn àgbà, ohun tí ilẹ̀ lè jẹ ni wọ́n ń gbé fún un. Ó ti ń ra háríhá báyìí, ó ṣì ń kùn.