Àlejò ní Etí Òkun

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ojú tí ènìyàn fi mọ ìlú tirẹ̀ kò tó láti fi mọ ìlú onílùú. Ohun tí onílé rí tí ó fi sá, àlejò lè rí i kí ó máa yìn ín. Ohun tí onílé kò sì kà sí rárá lè jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí àlejò sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó tẹ́tí sí ìtàn olùkọ́ kan láti Ìbàdàn, ẹni tí ó mú àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 16, lọ wo etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní àkókò ìsinmi ọdún Àjíǹde.

Bẹ̀nẹ̀ yìí kì í ṣe Ìbìní ti àwọn Ẹ̀dó tí ó wà ní Nàìjíríà. Dàhòmì ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 1975. Ilẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn lọ sí àríwá títí ó fi kan odò Ọya, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti fẹsẹ̀ kan òkun kò ju nǹkan bí kìlómítà 120 lọ. Yorùbá kì í ṣe àlejò pátápátá níbẹ̀, nítorí pé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, èdè Yorùbá sì ń dún ní ọjà Àjàṣẹ́, olú-ìlú rẹ̀, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Àwọn arìnrìn-àjò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá wo Ganvié, ìlú tí a kọ́ sórí òpó láàárín ọ̀sà Nokoué. Wọn a sì máa lọ sí Wídà, níbi tí a ti kó àìmọye ẹrú sínú ọkọ̀ lọ sí Bràsíìlì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1995 ni a kọ́ ẹnu-ọ̀nà gíga kan sí etí òkun ibẹ̀ fún ìrántí wọn.

Kí olùkọ́ yìí tó gbéra nílé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó ìbẹ̀rù bá a. Ọ̀kan ní kí ó má ṣe bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí oògùn. Èkejì ní àwọn jáguda ibẹ̀ lè yọ ẹyin lábẹ́ adìyẹ kí adìyẹ má sì mọ̀. Nítorí náà ó rán àpò sí abẹ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó kó owó sí i, ó sì kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ó gbàgbé pé àwọn méjèèjì gan-an ni àjèjì. Nínú gbogbo ìbéèrè tí ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun nípa òkun.

Ìyọnu ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kì í ṣe ewu. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá pé lè wọ Bẹ̀nẹ̀ kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ mìíràn. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni àwọn géńdé kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba yí wọn ká. Ọ̀kan ń fa àpò, èkejì ń nawọ́ sí ìwé ìrìnnà pé òun ni yóò bá wọn lọ tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fi ìwé rẹ̀ lé irú wọn lọ́wọ́ yóò fi owó rà á padà. Olùkọ́ náà di ìwé mú ṣinṣin, ó tọ òṣìṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀, ó sì kọjá. Ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó pé, nítorí náà wọ́n ti tètè gbà á. Láti ọdún 2016 ni a sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ káàkiri ayé pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Ní ìlú Kútọnu, alùpùpù ni ó gba ìgboro. Àwọn tí ń fi í gbé èrò a máa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, a sì ń pè wọ́n ní sẹ́míjáà, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n jẹ mọ́ pé kí a gbé ni kíákíá. Orúkọ náà rò wọ́n. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dá iye owó pẹ̀lú wọn yóò jà nígbà tí ó bá dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí kò bá sì ní akoto lórí yóò gbàdúrà títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Owó Sẹ́fà ni a ń ná níbẹ̀. Bí àlejò bá na owó 10,000 sí obìnrin tí ń ta omi, yóò dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi ro ó, nítorí kò ní rí ṣéńjì. Àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n sùúrù àti owó wẹ́wẹ́ tó láti borí wọn.

Àwọn ohun mìíràn wà tí wọ́n ju ìyọnu lọ, tí ojú àlejò kì í sì í dá mọ̀. Àbúrò olùkọ́ rí àwọn ìgò ńláńlá lẹ́bàá ọ̀nà, tí ohun kan tí ó pupa bí oyin kún inú wọn, ó sì béèrè bóyá oyin ni. Epo bẹntiróòlù tí a fi fàyàwọ́ gbé wá láti Nàìjíríà ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí a ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké nítòsí ẹnubodè, ó sì lé ní 30 ènìyàn tí ó kú. Lóru, olùkọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá wọn ní kọ́kọ́rọ́, ó tún fi àga tì í lẹ́yìn nítorí olè. Ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àbúrò rẹ̀ ni ó pa á dé. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ olè tí kò wá, wọn a sì ṣí fèrèsé fún ẹ̀fọn tí ó ti wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀fọn tí ń kó ibà ranni a máa jẹni láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn ibà tí ó sì ń fà a máa pa ẹni tí kò bá tètè tọ́jú ara rẹ̀.

Ní Ganvié ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín. Bí ọkọ̀ wọn ti ń kọjá lórí ọ̀sà, ọmọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ sókè láti ya àwòrán ìyá kan tí ń ta ẹja nínú ọkọ̀ igi. Ìyá náà fi akẹ̀tẹ̀ bo ojú, ó sì fi àjẹ̀ gbọ́n omi sí i lára. Atukọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní bí ó bá ti kọ́kọ́ kí i ni, tí ó sì tọrọ àyè, bóyá ìbá gbà. Kò sí ẹni tí ó jí lọ sọ́jà ní àárọ̀ tí yóò fẹ́ kí àjèjì máa yà á bí ẹni ya ère. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojúbọ àti egúngún ilẹ̀ náà: ẹni tí ó bá béèrè kí ó tó sún mọ́ wọn kì í rí ìjà.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n dé Wídà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà, nǹkan bí kìlómítà 4 láti ìgboro, títí wọ́n fi dé ẹnu-ọ̀nà ìrántí náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n rìn lọ sí apá kan etíkun níbi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Kò sí erékùṣù, kò sí àpáta tí ó gba ìgbì dúró. Ìgbì tí ẹ̀fúùfù ti ru sókè láti ọ̀nà jíjìn ní gúúsù Àtìláńtíìkì ni ó ń rọ́ wá lu yanrìn náà tọ̀sán tòru. Ní ayé òwò ẹrú, ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó kò lè sún mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń dúró sí. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n gbà wá láti ilẹ̀ tí ó di Gánà ni ó sì ń fi ọkọ̀ igi la ìgbì kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹrù àti ẹ̀mí ni ó ṣòfò láàárín etíkun sí ibi tí ọkọ̀ dúró sí.

Àbúrò olùkọ́ mọ omi í wẹ̀, ṣùgbọ́n odò ni ó ti kọ́ ọ. Ó wo òkun títí. Ní apá ọ̀tún, ìgbì funfun ń ya lu ara wọn. Ní apá òsì, bákan náà. Ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, ibì kan wà tí omi ti dákẹ́, tí ìgbì kò ya níbẹ̀ rárá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ níbi tí ó rọ̀ yẹn. Kò ní kọjá ìbàdí mi.”

Bí ó ti ń bọ́ ẹ̀wù ni ọ̀kan nínú àwọn apẹja fi okùn sílẹ̀, tí ó ń sáré bọ̀, tí ó ń ju ọwọ́, tí ó sì ń pariwo ní èdè tí wọn kò gbọ́. Gìrìpá ọkùnrin ni, kò wọ ẹ̀wù. Gbogbo ìkìlọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ dé sí olùkọ́ lọ́kàn. Ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì wí fún àbúrò rẹ̀ pé, “Máa lọ kíákíá, èmi yóò ṣọ́ ẹrù.”

Ọmọ náà wọ omi. Ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Nígbà náà ni yanrìn yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí omi sì gbé e. Kò rì, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ọ̀ọ́kán bí ẹni tí a fi okùn fà. Ó kọjú sí ilẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára wẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ni ilẹ̀ ń jìnnà sí i. Olùkọ́ ju àpò sílẹ̀, ó sáré títí omi fi lù ú ní àyà tí ó sì bì í ṣubú sẹ́yìn, nítorí òun kò mọ omi í wẹ̀ rárá. Apẹja náà kò wo ojú rẹ̀. Ó so okùn àwọ̀n mọ́ ìbàdí, ó bọ́ sínú omi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di okùn náà mú létí òkun. Kò pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n sì fa àwọn méjèèjì gúnlẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà ti bì omi iyọ̀ tán, ìyá kan tí ń ta àgbọn nítòsí, tí ó gbọ́ Yorùbá, súnmọ́ wọn. Olùkọ́ bi í pé, “Ìyá, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ lẹ́ẹ̀kan?”

Ó ní, “Ọmọ mi, ó ń sọ fún un yín pé kí ẹ má wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni omi gbà ń padà.”

Òdodo ni ìyá náà sọ. Gbogbo omi tí ìgbì bá gbé wá sí etíkun ní láti padà sínú òkun. Ọ̀nà tóóró tí ó jìn díẹ̀ ni ó ń wá, a sì máa gba ibẹ̀ padà pẹ̀lú ipá. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í sábà ya níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dàbí ibi ìsinmi lójú ẹni tí kò mọ̀. Omi náà kì í fa ènìyàn sísàlẹ̀, síwájú ni ó ń gbé e. Àárẹ̀ ni ó ń pa ẹni tí ó bá bá a jà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá kò gbọdọ̀ kọjú sí ilẹ̀ tààrà. Kí ó fi ara balẹ̀, kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè fún ìrànlọ́wọ́. Bí agbára bá wà, kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ọ̀nà náà. Ọ̀nà tí omi gbà ń padà kì í fẹ̀ púpọ̀.

Olùkọ́ fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ó tú àpò abẹ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó kó owó jáde. Apẹja náà mi orí, ó sì nawọ́ sí okùn àwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró láti ìgbà tí ó ti sáré kúrò nídìí rẹ̀. Ó yé olùkọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ di okùn náà mú láàárín àwọn apẹja, wọ́n sì fà á pẹ̀lú wọn títí oòrùn fi yẹ̀, tí àwọ̀n fi gúnlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ wọn bó. Nígbà tí olùkọ́ padà dé ibi tí ó ju àpò rẹ̀ sí, ó bá a bẹ́ẹ̀ lórí yanrìn. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ó dára kí arìnrìn-àjò ṣọ́ owó rẹ̀, nítorí olè wà ní ìlú gbogbo, títí kan ìlú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi onílùú, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń jẹun nínú omi náà. Bí ẹnìkan bá sì ń sáré bọ̀ tí ó ń pariwo, kí ó dúró kí ó gbọ́ ohun tí ó ń wí, kí ó tó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.