Ta Ló Ni Ẹja Inú Táǹkì?

Àwọn àgbà ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjì bá gbé ẹrù kan dórí tán, ta ni yóò sọ pé ẹrù òun ni? Nínú ilé tọkọtaya, ìbéèrè yìí kì í sábà jáde sí gbangba. Abẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ni ó máa ń sá pamọ́ sí, ohun tí yóò sì tú u síta lè kéré níye. Nínú ilé kan ní agbègbè Arówómọlẹ̀, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ẹja ni ó tú u síta.

Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun. Ìlú àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni. Ẹja tí àwọn baba ńlá mọ̀ níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pa nínú odò bí i odò Ọbà, àti ẹja yíyan tí àwọn aláròóbọ̀ ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó ń sin ẹja omi òkun nínú àpótí gíláàsì ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹwà ojú ni ó ń sìn ín fún. Ẹni tí ó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọbẹ̀ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó ń wò. Síbẹ̀, òfin kan náà ni ó de àwọn méjèèjì. Bí ebi bá ń pa ewúrẹ́, aládùúgbò yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹja kò ní ohùn. Inú omi tí ó ń gbé náà ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó sì ń yàgbẹ́ sí.

Àrọ̀ jẹ́ ẹja tí ara rẹ̀ le. Kò ní ìpẹ́ lára, irùngbọ̀n mẹ́jọ ni ó yí ẹnu rẹ̀ ká, ó sì ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tí ó fi ń gba atẹ́gùn òkè omi. Ìdí nìyí tí ó fi lè gbé inú táǹkì tí ẹja mìíràn yóò ti kú. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè tó kílò kan láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ wọ́n. Nínú owó tí a ń ná lórí ẹja títí di ọjọ́ títà, oúnjẹ nìkan a máa kó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá kéré jù, èyí tí ó tóbi nínú wọn a máa gbé èyí tí ó kéré mì. Bí ó bá pọ̀ jù, àjẹkù yóò rì sí ìsàlẹ̀, yóò jẹrà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹja, yóò sì tú májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ammonia sínú omi. Ebi ń pa ẹja. Àjẹjù oúnjẹ náà ń pa á.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni baálé ilé tí à ń wí yìí. Èlùbọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọkọ ni ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó fi mọ táǹkì oní-símẹ́ńtì, tí ó sì fi ra 300 ọmọ ẹja. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé ọkọ yóò máa fún ẹja ní oúnjẹ ní àárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, aya yóò sì máa fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ omi. Omi sì ni iṣẹ́ tí ó wúwo jù: gbígbọ́n èyí tí ó ti dọ̀tí dànù, fífọ ìsàlẹ̀ táǹkì, fífa òmíràn nínú kànga láti fi rọ́pò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò pín in, ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ń jí ni ó bọ́ sí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Ìbejì tètè dé láti òde ìgbéyàwó. Ó rò pé ìyàwó òun yóò pẹ́ lọ́jà, ó sì fún àwọn ẹja ní oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó dé ní àṣálẹ́, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tún bu oúnjẹ sí i. Àwọn tí wọ́n ti yó kò jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹja dúró ṣánṣán nínú omi, wọ́n ya ẹnu sókè, wọ́n ń mí gúlegúle. Kí wọ́n tó pààrọ̀ omi tán, nǹkan bí 40 ti kú.

“Wò ó bí o ṣe pa ẹja mi!” ni ọkọ fi ìbínú sọ.

Ìyàwó kò pariwo. Ó gbé garawa kalẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Láti oṣù mẹ́ta, ta ló ń gbọ́n omi táǹkì yìí? Ṣé omi ẹja yín ni mo ti ń gbọ́n látọjọ́ yìí?”

Ọkọ kò fèsì.

Láyé àtijọ́, ìdáhùn kì bá tí ṣòro. Ọkọ ni ó ni oko, aya ni ó ni òwò rẹ̀ lọ́jà. Àpò kálukú wà lọ́tọ̀, ìyàwó tí ó bá bá ọkọ rẹ̀ kó ìkórè a sì máa retí ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe oko, kì í sì í ṣe ọjà. Àárín méjèèjì ni ó bọ́ sí, níbi tí àṣà kò tí ì fi ààlà sí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster Abbey, kó àwọn ẹ̀dá òkun tí ó jẹ́ ìbátan iyùn láti Torquay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Omi òkun kò sí nítòsí, omi kan náà ni ó sì ní láti máa tún lò. Kí atẹ́gùn lè wọ inú omi náà, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ a máa dà á láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójoojúmọ́. Àwọn ẹ̀dá náà yè. Ìtàn rántí Anna Thynne láàárín àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sin ẹ̀dá òkun nínú ilé. Ní ti ẹni tí ó ń da omi, “ìránṣẹ́bìnrin” lásán ni ìtàn ń pè é.

Ní ilé Bàbá Ìbejì, ìyàwó fi ìṣó kan ìwé tí àwọn ọmọ ti lò dé ìdajì mọ́ ara ògiri, ó so bírò mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fún ẹja ní oúnjẹ yóò kọ ọjọ́, àkókò àti iye ìwọ̀n tí ó bù. Yóò sì fi “B” tàbí “Ì” sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún omi. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì kò tún wáyé mọ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ títà, àwọn obìnrin oníbàárà gbé òṣùwọ̀n wá, wọ́n wọn ẹja, wọ́n sì san owó. Ní alẹ́, ọkọ ṣí ìwé náà láti ṣírò iye oúnjẹ tí ó ti lọ. Ní ti oúnjẹ, “B” àti “Ì” fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ti omi, “Ì” ni ó kún ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi mẹ́rin péré ni “B” wà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó yọ gbèsè ẹgbẹ́ sọ́tọ̀, ó yọ owó oúnjẹ ẹja tí ń bọ̀, ó yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ó sì pín ìyókù sí méjì ọgbọọgba. Ìyàwó dúpẹ́, ó gba tirẹ̀, ó wá ní: “Ẹ ṣeun o, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi Ọjọ́rú àti Sátidé sí omi náà.” Ó gbà. Ó ń ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yé ráhùn òórùn ìsàlẹ̀ táǹkì.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé kò yẹ láàárín tọkọtaya, pé ẹni tí a fẹ́ràn kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé ni ó gbé ìwé yẹn kọ́ ara ògiri. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà máa ń pòórá lójú ẹni tí kò ṣe é, kì í sì í pòórá lára ẹni tí ó ṣe é. Ẹja kò lè jẹ́rìí ẹni tí ó bọ́ ọ, kò sì lè sọ ẹni tí ó pààrọ̀ omi rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń tọ́jú rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa jẹ́rìí ara wọn.