Ta Ni Yóò Bá Tálákà Tọ́ Ọ Wò?

Bí a bá gbé akèrègbè ẹmu dé agbo ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ń jẹ́rìí pé kò sí májèlé níbẹ̀. Àwọn ará Ítálì náà kò gbẹ́yìn nínú irú àṣà yìí: ẹni tí ó bá ṣí ìgò wáìnì a kọ́kọ́ da díẹ̀ sínú ife tirẹ̀, a gbóòórùn rẹ̀, a sì tọ́ ọ wò, kí ó tó bù fún àlejò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí mo pe ọ̀rẹ́ mẹ́fà sí ilé mi láti wá tọ́ wáìnì pupa ilẹ̀ Ítálì wò. Ìgò mẹ́ta ni mo tò sórí tábìlì, pẹ̀lú búrẹ́dì, wàràkàṣì àti omi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bù ú, nítorí ìtọ́wò kì í ṣe àmuyó.

Chianti Classico ni a fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí àkùkọ dúdú wà lára ìgò rẹ̀. Ní 1716 ni Cosimo III de' Medici, tí ó ń ṣe olórí Tuscany, ti pa àlà ilẹ̀ Chianti láṣẹ. Brunello di Montalcino ni ó tẹ̀ lé e. Èso àjàrà Sangiovese nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kò sì gbọdọ̀ tà á títí di ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìkórè. Barolo ni a fi parí. Èso Nebbiolo ni tirẹ̀, ó sì gbọdọ̀ pé oṣù 38 kí ó tó dé ọjà, 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá onígi. Àwọ̀ rẹ̀ kò ki, ṣùgbọ́n ó fún ahọ́n pọ̀ bí obì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi wá gbé ife kalẹ̀, ó ní, “Orúkọ lásán ni ẹ ń fi owó rà.”

Mo dá a lóhùn pé orúkọ náà kì í ṣe lásán. Ní 1986, àwọn oníṣòwò kan ní Ítálì da methanol sínú wáìnì olówó pọ́ọ́kú kí ó lè le sí i. Ó lé ní 20 ènìyàn tí ó kú, àwọn mìíràn sì fọ́jú. Mo fi ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò Barolo hàn án: nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí a lè fi tọpasẹ̀ ẹni tí ó ṣe é.

Ó wo nọ́ńbà náà títí. Ó ní, “Ó dára. Àwọn tí ó kú ńkọ́, ṣé irú ìgò yìí ni wọ́n rà? Àwọn tí ògógóró tí ó ní methanol pa ní Òde-Ìrèlè ní 2015 ńkọ́, nọ́ńbà wo ni ó wà lọ́rùn ìgò tiwọn?”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin ònkàwé, òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí ó ra ìgò olówó iyebíye ti ní òfin, èdìdì àti ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó ń ra ti kọ́bọ̀ ni ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ bá tọ́ tirẹ̀ wò, nítorí òun ni kò ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀nà ọ̀fun kan náà ni ọtí olówó àti ti tálákà ń gbà.